Ọmọ ọdún mẹ́fà àti forehand: ta ló lè là mí lọ́yẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn?

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tẹ́níìsì dáadáa, pàápàá ẹ̀yin kóòṣì tó wà níbí. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́fà, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin, wọ́n ti ń lọ kọ́ tẹ́níìsì ní gbogbo Sátidé látìgbà tí họ́lídè ti bẹ̀rẹ̀. Forehand, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó di ráákẹ́ẹ̀tì mú, ni kóòṣì wọn kọ́kọ́ mú, mo sì máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù wò wọ́n. Ohun tí mò ń rí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Bọ́ọ̀lù yẹ́lò táwọn àgbà ń gbá ni wọ́n ń jù sí wọn, tó bá ti ta lẹ́ẹ̀kan báyìí ó ti kọjá orí wọn, wọ́n á wá máa fẹ̀yìn rìn, wọ́n á na ráákẹ́ẹ̀tì sókè bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò. Ráákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an, àbúrò bàbá wọn ló fi ránṣẹ́, 27 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni Táyé fi ń gbé e. Kẹ́hìndé ti ń sọ fún mi pé ọrùn-ọwọ́ ń dun òun.

Ọ̀rọ̀ kejì: òsì ni Kẹ́hìndé. Kóòṣì ní ká yí i sí ọ̀tún kó tó dàgbà nínú ẹ̀, ìyá ọkọ mi náà sì ti gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ọmọbìnrin tó ń fọwọ́ òsì ṣe nǹkan níta ò dáa. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n yí i ni àbí kí n fi í sílẹ̀? Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dá wọn sí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ń bọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin ITF, ìyẹn àjọ tẹ́níìsì àgbáyé, sọ pé téèyàn bá ju bọ́ọ̀lù yẹ́lò sílẹ̀ láti ibi tó ga tó 254 sẹ̀ǹtímítà, ó gbọ́dọ̀ ta padà dé nǹkan bíi 135 sí 147 sẹ̀ǹtímítà. Ó dáa, ẹ lọ fi Táyé ti ògiri kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń ga tó nǹkan bíi 115 sí 116. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bọ́ọ̀lù tí èmi àtiyín máa bá pàdé níwájú ìbàdí wa, òkè orí ló ti ń bá ọmọ yẹn pàdé. Ẹ lè ní kóòṣì tó dáa jù láyé, kò sí bó ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ní forehand tó gún régé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó wà lókè orí ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù ọmọdé. Pupa ló kẹ́yìn nínú ìyára, wọ́n ní ó fi 75% lọ́ra ju yẹ́lò lọ, tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ láti 254 yẹn kan náà kì í ta ju 90 sí 105 lọ. Èyí tó láwọ̀ ọsàn tẹ̀ lé e, ó fi 50% lọ́ra, aláwọ̀ ewé fi 25% lọ́ra. Kóòtù náà yàtọ̀: ti bọ́ọ̀lù pupa gùn tó nǹkan bíi mítà 11 sí 13, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ga ní 80 sẹ̀ǹtímítà, ti aláwọ̀ ọsàn gùn tó mítà 18, àwọn aláwọ̀ ewé ló wá ń gbá lórí kóòtù gidi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó wu kóòṣì o, láti oṣù kìíní 2012 ni ITF ti fi í sínú òfin pé ìdíje àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ lo bọ́ọ̀lù yẹ́lò gidi mọ́.

Ráákẹ́ẹ̀tì 27 ti àgbàlagbà ni. Ẹ gbé e pa mọ́. Fún àwọn méjèèjì, ínǹṣì 19 tàbí 21 ló tó wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ ní kó dúró ṣánṣán, kó di èèkù ráákẹ́ẹ̀tì mú kó sì jẹ́ kí apá ẹ̀ rọ sílẹ̀: tí ṣóńṣó orí ráákẹ́ẹ̀tì bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ó bá a mu. Tó bá ń wọ́ nílẹ̀, ó ti gùn jù.

Ti ọrùn-ọwọ́ Kẹ́hìndé, kó sinmi ráákẹ́ẹ̀tì fúngbà díẹ̀, tí kò bá lọ ẹ gbé e lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọdé kì í ṣàdédé sọ pé ọwọ́ ń dun òun.

Bàbá Tọ́míwá:
Kóòṣì, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Láyé tiwa ní Èkó kò sí bọ́ọ̀lù pupa, kò sí ọsàn, ráákẹ́ẹ̀tì onígi àwọn ọ̀gá la máa ń yá, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Ṣé Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tó gbá tẹ́níìsì dé òkè òkun, ò bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ni? Ọkùnrin yẹn dé Wimbledon lọ́dún 1983, ó na Guillermo Vilas ti Argentina ní ráúńdì kìíní, lẹ́yìn tí Vilas ti mú sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì rìn títí dé ráúńdì kẹrin. Ta ló fún un ní bọ́ọ̀lù pupa? Ẹ máa rántí pé owó ò sí nílùú, ọ̀pọ̀ òbí tó ń ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí á kàn gbé ọmọ wọn kúrò lórí kóòtù ni tí wọ́n bá gbọ́ pé àfi kí wọ́n ra oríṣi bọ́ọ̀lù mẹ́ta.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ Odizor tí wọ́n ń pè ní Duke, orúkọ yẹn ò gbọ́dọ̀ parẹ́ lẹ́nu wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo irú bọ́ọ̀lù tó máa ń dọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ṣé bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú agolo ni? Èyí táwọn ọ̀gá ti gbá gbá gbá tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti lọ, tí irun ara ẹ̀ ti fá, òun làwọn ọmọ máa ń kó jọ. Bọ́ọ̀lù tó ti kú bẹ́ẹ̀ kì í ta sókè mọ́. Bọ́ọ̀lù ọmọdé náà nìyẹn, owó ni wọn ò fi rà á. Ara ògiri sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbá a, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń jù ú sí wọn lójijì.

Torí náà ẹni tí kò lówó pupa kó lọ sí kíláàbù èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọn, kó bẹ̀ wọ́n fún bọ́ọ̀lù tó ti kú, wọ́n á fún un ní ẹ̀kún ike. Kó máa tẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan: èyí tí àtàǹpàkò bá wọ̀ nírọ̀rùn ni kó mú. Kó jù ú sílẹ̀ láti èjìká ara ẹ̀, tó bá ta kọjá ìdodo ọmọ, kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ọjọ́ iwájú. Bọ́ọ̀lù fóòmù táwọn ọmọ fi ń ṣeré nínú ilé náà dáa gan-an fún ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún.

Òsì Ẹ̀gbá:
Màmá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí ọwọ́ ọmọ yẹn o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Òsì lèmi náà, mo mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ tí wọ́n bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi ọwọ́ tó yá jù ṣe é.

Mo mọ ohun tí Màmá ọkọ yín ń rò, wọn ò sì jẹ̀bi. Ọmọ Yorùbá kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kì í fi jẹun, kì í fi júwe ilé bàbá ẹ̀, èmi pẹ̀lú òsì mi yìí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà títí dòní. Ẹ kọ́ Kẹ́hìndé bẹ́ẹ̀, kó kí wọn dáadáa, kó fọwọ́ ọ̀tún gbé omi fún wọn, ọkàn wọn á balẹ̀. Àmọ́ ráákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan tá à ń gbé fún àgbà. Kò sẹ́ni tó máa rí i lórí kóòtù tó máa ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wá wo àwọn òsì tó ti gbá a. Rod Laver gba gbogbo ife ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ti Ọsirélíà, Faransé, Wimbledon àti Amẹ́ríkà) nínú ọdún kan ṣoṣo, ó ṣe é ní 1962, ó tún un ṣe ní 1969. Martina Navratilova gba Wimbledon nígbà mẹ́sàn-án. Nadal gba ti Faransé nígbà 14, ọ̀tún ló sì fi ń kọ̀wé o! Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé tí òsì bá gbá forehand ẹ̀ gba ìdábùú kóòtù, ẹ̀gbẹ́ backhand ẹni tó ń lo ọ̀tún, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ kejì tí ọwọ́ tó di ráákẹ́ẹ̀tì mú kò sí, ló máa ń bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kú. Ẹ fẹ́ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín?

Ọmọ Ìlọrin:
Àǹtí òsì, ẹ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má dá kóòṣì yẹn lẹ́bi tán. Ọ̀pọ̀ kóòṣì wa ò tíì kọ́ òsì rí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa fi hàn án ni wọ́n ṣe ń ní kó yí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdí nìyẹn. Báwo lẹni tó ń lo ọ̀tún ṣe ń fi òsì hàn ọmọ?

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó sì rọrùn ju béèyàn ṣe rò lọ. Tí mo bá kojú sí ọmọ tó ń lo òsì, tí mo fi ọ̀tún mi fì ráákẹ́ẹ̀tì, lójú ẹ̀ ńṣe ló dà bíi pé ó ń wo ara ẹ̀ nínú dígí. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ọwọ́ wa wà. Kó kàn máa ṣe ohun tí mò ń ṣe ni. Ọmọ tó ń lo ọ̀tún ló yẹ kí n dúró ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tàbí kí n kọ ẹ̀yìn sí i kó máa wò mí látẹ̀yìn, torí tí mo bá kojú sí i ọ̀pọ̀ wọn máa ń dàrú.

Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ ṣe ìdánwò kékeré kan. Ẹ má béèrè ọwọ́ tó ń fi kọ̀wé, ilé-ìwé lè ti yí ìyẹn. Ẹ gbé òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ẹ ní kó máa ju nǹkan ba agolo, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ọwọ́ tó bá fi jù ú láìronú ni kó fi gbá forehand.

Àǹtí Manchester:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín látòní. Ọmọ mi méjèèjì kọ́ tẹ́níìsì níbí, mo sì máa ń yọ̀ǹda ara mi láti bá wọn mójú tó àwọn kékeré ní òpin ọ̀sẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú ọba. LTA tó ń darí tẹ́níìsì níbí pín àwọn ọmọ sí àwọ̀: búlúù ni ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, pupa ni mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọsàn ni mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ewé ni mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, kó tó kan yẹ́lò. Àwọn búlúù yẹn ẹ lè wo wákàtí kan wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ forehand lẹ́nu kóòṣì. Wọ́n á yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ síra wọn, wọ́n á jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó hán an, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bàlúùnù kó má balẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Kí ọmọ tó di ráákẹ́ẹ̀tì mú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́ọ̀lù fóòmù kọjá okùn sí ẹnìkejì ẹ̀. Ọmọ ò ní fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó ti kọjá ẹ̀yìn ẹ̀, iwájú ara ẹ̀ ló máa ń wá a sí, á sì yí èjìká ẹ̀ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá gbé ráákẹ́ẹ̀tì kékeré lé e lọ́wọ́, ohun kan náà ló máa ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ló kàn gùn sí i.

Nǹkan mìíràn ni pé kí ọmọ máa fẹnu ara ẹ̀ ké e. Tí bọ́ọ̀lù bá kan ilẹ̀ kó pariwo "Ó TA!", tí ráákẹ́ẹ̀tì bá kàn án kó pariwo "GBÁ!" Ọmọ tó ń pariwo báyìí ò ráyè wo ìyá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, ojú ẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Tí "gbá" bá ti ń pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ó ń pẹ́ gbá a. Èmi ti rí i tí ọmọ tó ń gbá òfo tẹ́lẹ̀ wá ń bá bọ́ọ̀lù pàdé léraléra nítorí ariwo yìí nìkan.

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ọmọ tiyín náà. Mo ti ṣe ìdánwò òkúta yẹn, òsì ni Kẹ́hìndé fi ju gbogbo ẹ̀, kódà agolo ló ń bà ju Táyé lọ. Ìyá ọkọ mi jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ nígbà tó yá wọ́n ní kó tún un jù kí àwọn rí i.

Ọ̀rọ̀ kù o. Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ forehand yẹn gan-an, báwo lẹ ṣe ń tò ó fún wọn? Kí lẹ kọ́kọ́ ń sọ, kí lẹ ń fi sílẹ̀? Tiwọn báyìí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, "tẹ orúnkún, yí èjìká, gbé ìgúnpá, fi ọrùn-ọwọ́ sí i," ojú Táyé kàn máa ń dá bíi pé ó fẹ́ sunkún.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní ju ìyẹn lọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe ń ṣe é.

Mímú ráákẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. Mi ò ní dárúkọ grip kankan fún ọmọ. Màá ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ lé ojú ráákẹ́ẹ̀tì, lórí okùn ibẹ̀ gangan, kó wá rọra fà á wá sísàlẹ̀ títí á fi dé èèkù, kó dì í mú níbẹ̀. Ó ti parí. Èyí táwọn àgbà ń pè ní Eastern nìyẹn, ojú ráákẹ́ẹ̀tì àti àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ á jọ máa kọjú síbì kan náà, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sí ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Kó má dì í pinpin o, ìdimú tó le yẹn wà lára ohun tó ń dun ọrùn-ọwọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìdúró. Ẹ̀gbẹ́ ni kó kọ sí nẹ́ẹ̀tì, kó na ọwọ́ tí kò di ráákẹ́ẹ̀tì mú sí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, kó máa fi tọ́ka sí i. Tó bá ti ń tọ́ka, èjìká ti yí nìyẹn, ẹ ò nílò láti sọ "yí èjìká" mọ́. Ẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ lọ jìnnà. Ráákẹ́ẹ̀tì tó bá lọ sẹ́yìn títí tó kọjá ẹ̀yìn ara, ọmọ ò ní lè dá a padà kí bọ́ọ̀lù tó kọjá. Mo máa ń mú wọn dúró kí ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí wọ́n máa fì í níbẹ̀: tí ráákẹ́ẹ̀tì bá kan ògiri, ó ti jìnnà jù. Ògiri ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi á dákẹ́ ní tèmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ibi ìpàdé. Iwájú ìbàdí tó sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì ni ráákẹ́ẹ̀tì ti gbọ́dọ̀ pàdé bọ́ọ̀lù, níbi tí ojú ọmọ ti lè rí méjèèjì pọ̀. Èmi á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, máa na ọwọ́ mi, máa ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ síbẹ̀ gangan, kò sí pé mò ń dúró lókèèrè kí n máa rọ̀jò bọ́ọ̀lù lé e lórí. Ó ta, ó gbá. Tó bá ṣe é dáadáa, mo lè ní kó dúró gbọin níbi tí ráákẹ́ẹ̀tì ti kan bọ́ọ̀lù, kó wo ibi tí apá ẹ̀ wà, kó wo ojú ráákẹ́ẹ̀tì. Ọmọ á rántí ohun tó fojú ara ẹ̀ rí ju ohun tí mo sọ lọ.

Kó parí ẹ̀ sókè. Ráákẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó dé èjìká kejì, ọwọ́ kejì á wá hán an níbẹ̀. Fún Táyé ọwọ́ òsì ló máa hán an, fún Kẹ́hìndé ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ tó bá hán ráákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lókè báyìí ti fì í látìsàlẹ̀ dókè tán láìmọ̀, topspin tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù máa yí síwájú bó ṣe ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ má kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà láti máa fi ọrùn-ọwọ́ ra bọ́ọ̀lù o, ìyẹn á wá nígbà tó bá lágbára.

Bàbá Tọ́míwá:
Kóòṣì, mò ń bá yín bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo nǹkan kan fún mi. Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbá a, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ ẹ̀ ti lọ sábẹ́ èèkù pátápátá, tó bá di ráákẹ́ẹ̀tì mú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ kọjú sókè ọ̀run. Bọ́ọ̀lù tó bá ga ó ń gbá a bíi ti àgbà, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì ló ń fi í sí. Mo bá a wí bá a wí, ó tún padà síbẹ̀. Kí ló fà á?

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Bọ́ọ̀lù náà ni, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀lù tó ń ga jù fún ọmọ ló gbé ọwọ́ ẹ̀ lọ sábẹ́ èèkù. Ọmọ gbọ́n, ara ẹ̀ wá ọ̀nà tó fi máa gbá bọ́ọ̀lù tó wà níwájú ojú ẹ̀, ọ̀nà tó sì rí nìyẹn. Western ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè máa bá a wí títí ọdún á fi yípo, níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣì ń ta dé ojú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á máa padà síbẹ̀. Ẹ fún un ní aláwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò tó ti kú, kó máa gbá èyí tó dé ìbàdí, kẹ́ ẹ tó wá máa tún ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Kì í ṣe pé Western burú fún àgbàlagbà o, àwọn tó fi ń jẹun wà, àmọ́ ohun tó bá wọ ọmọ lára ní kékeré torí bọ́ọ̀lù ò bá a mu, ó máa ń ṣòro tú.

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ̀gbọ́n, ti ọwọ́ méjèèjì ńkọ́? Àwọn ọmọ míì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá forehand, ṣé kí wọ́n lé e kúrò lọ́wọ́ wọn?

Òsì Ẹ̀gbá:
Jẹ́ kí n bá wọn dáhùn èyí, torí ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú tẹ́níìsì ni. Monica Seles ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá forehand, ó fi gbá backhand, òsì sì tún ni. Ó gba ti Faransé ní 1990 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, ife ńlá mẹ́sàn-án ló sì gbà lápapọ̀. Ìlú Novi Sad ló ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ni bàbá ẹ̀ ti kọ́ ọ. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni bàbá yẹn, á ya àwòrán sára bọ́ọ̀lù kí ọmọ lè máa wá a gbá. Ìyá Ìbejì, ẹ ríyẹn? Kò sí kíláàbù ńlá kankan níbẹ̀, bàbá kan tó mọ ohun tó ń pa ọmọ ẹ̀ lẹ́rìn-ín ni.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Òótọ́ ni, Fabrice Santoro ti Faransé náà gbá a bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e níbí, ráákẹ́ẹ̀tì ló wúwo jù fún wọn. Ẹ fún un ní èyí tó kéré, tó bá ṣì fẹ́ fi méjèèjì gbá a, ẹ fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ò ní nà jìnnà, àfi kó máa sáré gan-an.

Àǹtí Manchester:
Kí n fi kan kún un kí n tó lọ sùn. Ohun tó ń pa ìfẹ́ tẹ́níìsì lára ọmọ ju ohunkóhun lọ ni lááìnì. Àwọn ọmọ á tò gbọọrọ, ẹnì kan á gbá ẹyọ kan, á padà sẹ́yìn lọ dúró títí. Kóòtù ńlá kan gba kóòtù pupa mẹ́rin. Ẹ pín wọn sí méjì méjì, kí ẹnì kan máa ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹnìkejì, kí wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó ń jù ú sílẹ̀ náà ń kẹ́kọ̀ọ́, torí ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yẹ kó wà kí ọ̀rẹ́ òun tó lè gbá a.

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Mo padà wá o, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Iyàrá ìgbàlejò la ti ń ṣe é lálaalẹ́ àti ẹ̀yìnkùlé. Mo so okùn mọ́ àga méjì, mo fi ìró àtijọ́ kọ́ ọ, mo wọ̀n ọ́n ní 80 bí Kóòṣì ṣe wí. Ráákẹ́ẹ̀tì 21 la rí rà, tòkunbọ̀ ni. Bọ́ọ̀lù tó ti kú, kíláàbù fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọrùn-ọwọ́ Kẹ́hìndé ò dùn ún mọ́, dókítà ní kó ṣáà má gbé èyí tó wúwo. "Ó TA! GBÁ!" ti di orin nílé wa, ìyá ọkọ mi gan-an ló ń bá wọn ké e, Kẹ́hìndé sì ń fi òsì ẹ̀ gbá a lójú wọn.

Ohun tó kù báyìí: Táyé ń súnmọ́ bọ́ọ̀lù jù. Bọ́ọ̀lù á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án níkùn, á wá ká apá, ìgúnpá ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìhà. Ìkejì, tí mo bá ní káwọn méjèèjì jọ gbá a síra wọn, forehand ọ̀kan ń lọ bá backhand èkejì tó ò tíì mọ̀ ọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Kóòṣì Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, inú mi dùn gan-an! Ti ìjà yẹn kọ́kọ́: wọ́n ń gbá a gba ìdábùú ni. Ọ̀tún méjì ló ń fi ìdábùú pàdé forehand síra wọn. Ọ̀tún àti òsì, gbọnrangandan ni, kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan náà lójúkorojú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ Táyé dé ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé, kí Táyé fi ìlà náà sí ọ̀tún ara ẹ̀, kí Kẹ́hìndé fi sí òsì tiẹ̀, kí bọ́ọ̀lù máa rìn lórí ìlà yẹn. Forehand á máa bá forehand.

Ti Táyé, ẹ gba ráákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀ ná. Ẹ máa ju bọ́ọ̀lù díẹ̀ sí ọ̀tún ẹ̀, kó jẹ́ kó ta, kó wá na ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo hán an lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má fi àyà gbà á. Tó bá ti ń hán an pẹ̀lú apá tó nà, ẹ fún un ní ráákẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó di ọrùn ẹ̀ mú, ìyẹn òkè èèkù, kó gbá a bẹ́ẹ̀. Tó bá yá kó máa sún ọwọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ìdí èèkù. Bí ọwọ́ bá ṣe ń sún ni ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa kúrò níwájú bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé "sún sẹ́yìn", á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún bọ́ọ̀lù.

Ìyá Ìbejì Bódìjà:
Ó yé mi yékéyéké. Ṣọ́ọ̀kì wà nílé. Kóòṣì wọn béèrè lọ́wọ́ mi ní Sátidé tó kọjá pé ibo ni Kẹ́hìndé ti kọ́ bó ṣe ń hán ráákẹ́ẹ̀tì léjìká, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ránṣẹ́ sáwọn lórí WhatsApp, màá fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.